Wọ́n fún mi ní Statistics: ṣé iṣẹ́ òpùrọ́ ni lóòótọ́?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Accounting ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù nígbà tí mo fẹ́ wọ Pólì, Statistics ni wọ́n fún mi. Bàbá mi ní kí n gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní iṣẹ́ òpùrọ́ ni, pé àwọn oní-Statistics yìí kan náà ló sọ pé ìdá mẹ́rin péré nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ríṣẹ́ ṣe ní Nàìjíríà. Ní àdúgbò tiwa, kò sí ojúlé tí ẹ ó wọ̀ tí ẹ ò ní bá ẹni tó jókòó láìníṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ́ yìí ṣe gan-an? Ṣé kí èèyàn ṣáà máa ro nọ́ńbà pọ̀ náà ni? Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó san owó acceptance.

*

Àbúrò, ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti bú àwa oní-Statistics, àwa tó ń kó òǹkà jọ tá a sì ń túmọ̀ rẹ̀, ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé èébú náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Fún oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún 2020, iye tí àjọ NBS gbé jáde ni pé ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà lọ́jà iṣẹ́ ni kò ríṣẹ́ ṣe. NBS yìí ni àjọ tó ń bá ìjọba àpapọ̀ ka nǹkan, tó sì ń tọ́jú iye rẹ̀. Lọ́dún 2023, àjọ kan náà tún gbé tuntun jáde: 4.1, fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún náà. Ẹni tó bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á rò pé ilé iṣẹ́ ti hù bí olú káàkiri ilẹ̀ wa. Kò hù. Ẹni tí wọ́n ń pè ní "oníṣẹ́" ni wọ́n yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ ni wọ́n kà á sí. Lábẹ́ ìlànà tuntun, tó bá ti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, mu, ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ owó fún wákàtí kan ṣoṣo láàárín ọjọ́ méje, oníṣẹ́ ni. Ẹni tó ta ẹ̀pà fún wákàtí kan lọ́jọ́ Àìkú, oníṣẹ́ ni. Ẹni tó sì ti wá iṣẹ́ títí tó fi sú u, tí kò wá a mọ́, kò sí nínú òǹkà náà rárá. Wọ́n á ní kò sí lọ́jà iṣẹ́.

Ṣé irọ́ ni? Lójú tèmi, kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó ń dáhùn kì í ṣe èyí tí àdúgbò yín ń béèrè. Níbi tí ìjọba kì í ti í fún aláìríṣẹ́ lówó oúnjẹ, ta ló lè jókòó odindi ọ̀sẹ̀ láìfi ọwọ́ kan nǹkan fún wákàtí kan? Ebi ò ní jẹ́. Nínú ìròyìn kan náà tí 4.1 ti jáde ni wọ́n ti sọ pé ó lé ní ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tó jẹ́ pé ìta ọjà, oko àti ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ni wọ́n wà, láìsí ìwé ìgbanisíṣẹ́, láìsí owó ìfẹ̀yìntì. Èyí gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ ì bá gbé dání tó bá fẹ́ bá ìjọba jà. Kò kà dé ibẹ̀.

Nítorí náà, kó o tó wo nọ́ńbà, béèrè pé: kí ni wọ́n pè ní ọ̀kan?

Bí èyí bá dà bí ọgbọ́n òyìnbó létí ẹnikẹ́ni, kó lọ bi ìyá rẹ̀ pé ọjọ́ mélòó ni ọjà ọrún. Ọrún, ẹ̀karùn-ún ni. Àmọ́ bí wọ́n bá ná ọjà lónìí, ọjọ́ mẹ́rin sí i ni wọn yóò tún ná an, torí pé àwọn baba wa ka òní mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsán rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàdógún, tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni á fi padà yípo. Ọmọ tó bá fi kàlẹ́ńdà òyìnbó wò ó á ní àwọn àgbà ṣì í kà. Wọn ò ṣì í kà. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ló yàtọ̀.

*

Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ nílẹ̀ láti àná, ẹ jẹ́ kí n kó o jọ díẹ̀.

Àwọn kan ní ìṣirò lásán ni, pé ẹni tó mọ máàtì ti mọ Statistics. Àwọn kan ní ohun èlò ìjọba ni, wọ́n fi ń pín owó, wọ́n fi ń pín ipò. Awakọ̀ dánfó kan sì wọlé, ó ní: "Èmi ò ka nǹkan kan rí. Ojú mi ni mo fi ń mọ ìgbà tí èrò máa ń pọ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní máàtì ni, máàtì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú máàtì, wọ́n á fún ọ ní nọ́ńbà, wọ́n á ní kó o ṣiṣẹ́ lé e. Nínú iṣẹ́ tiwa, ìwọ lo máa lọ wá nọ́ńbà náà, nínú òjò, lẹ́nu ọ̀nà onílé tó ní ajá. Ibẹ̀ ni ìyà wà. Dátà ni wọ́n ń pe ohun tó o bá kó jọ (kì í ṣe èyí tá à ń rà sórí fóònù o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì ló ń tán lọ́wọ́ ẹni nígbà tó o nílò rẹ̀ jù). Tó o bá ti kó o jọ tán, nǹkan méjì lo lè fi ṣe. O lè fi ṣàlàyé ohun tó wà níwájú rẹ: mélòó, èwo ló pọ̀ jù, báwo ló ṣe fọ́n ká. O sì lè fi díẹ̀ tó o rí sọ̀rọ̀ nípa púpọ̀ tó ò rí, kó o sì sọ bí ọ̀rọ̀ rẹ ṣe lè yẹ̀ tó. Ìlàjì kejì yìí ló ń mú èèyàn rìn ní bèbè irọ́, òun náà ló sì wúlò jù.

Bọ̀dá awakọ̀, ẹ̀yin náà ń ṣe é. Òǹkà yín ò sí lórí ìwé ni. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ojú kì í rántí ọjọ́ lásán. Ó máa ń rántí ọjọ́ Jímọ̀ tí èrò ya bo ọkọ̀ yín títí tí kọ̀ndọ́ fi fẹsẹ̀ kan rọ̀. Àwọn ọjọ́ Jímọ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ jókòó ní gáréèjì títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n ti lọ. Ẹ kọ iye ìrìn yín sílẹ̀ fún oṣù kan, ẹ wá fi wé ohun tí ojú yín sọ. Ẹ padà wá bá mi níbí.

*

Ẹnì kan bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe lè bi èèyàn díẹ̀ léèrè, kí wọ́n wá ní gbogbo Nàìjíríà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ti ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan rí ti mọ ìdáhùn. Àwọn tó wà lókè pupa, wọ́n le, wọ́n ń dán. O sanwó, o délé, o da apẹ̀rẹ̀ náà délẹ̀: ìsàlẹ̀ ti di omi. Tòmátì tó o rí lójú kò parọ́ fún ọ. Ẹni tó tò ó ló mọ ibi tí ojú rẹ máa dé. Bó o bá fi ogójì kún iye tó o wò, tó sì jẹ́ pé òkè náà lo ti wò ó, òkè náà lo ṣì mọ̀. Márùn-ún tó o bá ti inú, ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ fà yọ láìṣa á kọ́ ọ ju ogójì tó wà lókè lọ.

Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1936. Ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Literary Digest fi káàdì ìbéèrè ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá èèyàn, ó lé ní mílíọ̀nù méjì tó dá a padà. Wọ́n ní Landon ni yóò wọlé nínú ìdìbò ààrẹ. Roosevelt ló wọlé, ìpínlẹ̀ méjì péré ni Landon sì rí mú nínú méjìdínláàádọ́ta. Inú ìwé tẹlifóònù àti àkọsílẹ̀ àwọn onímọ́tò ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ orúkọ, lásìkò tí ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀. Òkè apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wò. George Gallup, tó ń ṣe ìwádìí èrò àwọn ará ìlú, bi nǹkan bí 50,000 péré, ó fara balẹ̀ yàn wọ́n, òun ló sọ ẹni tó máa wọlé.

Ìtàn àtijọ́ kọ́ nìyẹn. Kí ìdìbò ààrẹ ọdún 2023 tó wáyé nílé níbí, ilé ìròyìn Bloomberg gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi áàpù fóònù ṣe, Peter Obi ló ṣáájú níbẹ̀ fíofío. Nígbà tí INEC kéde, Bola Tinubu ní 8,794,726, Atiku Abubakar ṣe ìkejì, Obi ṣe ìkẹta. (Kí ẹnikẹ́ni má bá mi ja ìjà ìbò níbí o, mi ò sọ ẹni tí mo dìbò fún.) Ẹni tó ní fóònù tó lè gbé áàpù, tó sì ní àkókò láti dáhùn, kì í ṣe gbogbo wa. Èyí tó tún burú jù ni pé nínú ohun tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún tó forúkọ sílẹ̀, díẹ̀ lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin ló jáde. Títẹ fóònù lórí àga kò jọ títò nínú oòrùn.

*

Ìyá kan tó ń ta gààrí kọ̀wé sí wa, mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo ìbéèrè yòókù lọ. Wọ́n ní ọmọ àwọn tó ń lọ sí yunifásítì ní kí àwọn máa kọ iye kóńgò tí àwọn ń tà sílẹ̀. Ó ṣírò rẹ̀, ó ní ìpíndọ́gba jẹ́ kóńgò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jáde lójoojúmọ́, àdánù ni wọ́n ń rí. "Ṣé ọmọ mi ò mọ̀wé ni?"

Ìyá wa, ọmọ yín mọ̀wé. Ẹ sọ fún wa pé ọjọ́ ọjà ẹ ta àádọ́ta, ọjọ́ kejì mẹ́rin, ọjọ́ kẹta mẹ́ta, ọjọ́ kẹrin mẹ́ta. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èwo lẹ ta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Kò sí. Ọjọ́ ọjà, oníbàárà márùndínlógójì lè dé kí gààrí ti tán. Ọjọ́ yòókù, ẹ ń ru ẹrù padà sílé.

Bí ọmọ yín bá tò wọ́n láti orí kékeré dé ńlá, mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́rin, àádọ́ta, kó wá wo ti àárín, á rí mẹ́ta àti ààbọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti ẹnu nọ́ńbà mẹ́rin kan náà, kò sì sí irọ́ nínú ọ̀kankan. Ìpíndọ́gba dára bí ẹ bá fẹ́ mọ iye àpò tẹ́ ẹ máa rà fún oṣù kan. Bó bá jẹ́ ohun tẹ́ ẹ máa gbé jáde láàárọ̀ òní ni, ẹ gbàgbé rẹ̀, ẹ wo irú ọjọ́ tí òní jẹ́. Èmi kì í gba ìpíndọ́gba lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìbi í pé: èwo ló kéré jù níbẹ̀, èwo ló tóbi jù?

Ẹ má bínú o, níwọ̀n ìgbà tá a ti dé ìdí kóńgò. Gbogbo wa la mọ kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Àṣìṣe oríṣi méjì tí wọ́n fi ń da orí akẹ́kọ̀ọ́ rú nínú kíláàsì wà nínú rẹ̀. Bí ọlọ́jà bá ń bu gààrí, òkìtì orí kóńgò kì í dọ́gba: lónìí ó ga, lọ́la ó lọ sílẹ̀ díẹ̀. Bó o bá rà á nígbà ọgọ́rùn-ún, eléyìí á gbé tọ̀hún, kò ní jọ ọ́ lójú. Àmọ́ ìdí tí wọ́n tẹ̀, apá kan ṣoṣo ló ń jẹ. Rà á nígbà ọgọ́rùn-ún, ìgbà ọgọ́rùn-ún ni wọ́n á rẹ́ ọ jẹ. Kíkà púpọ̀ sí i máa ń wo àṣìṣe àkọ́kọ́ sàn. Kò lè wo ìkejì. Àfi kó o yí kóńgò náà dojú dé.

(Ìyá onígààrí ti fèsì: "Èmi ò tẹ ìdí kóńgò mi o!" Mo gbà, Ìyá wa. Ti àdúgbò wa ni mò ń sọ.)

*

Ọ̀kan nínú yín ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ ti ka nǹkan kan rí?"

Mo ti ka èèyàn. Oṣù kẹta ọdún 2006, nígbà ètò ìkànìyàn, mo wà lára àwọn tí wọ́n fún ní fọ́ọ̀mù àti báàgì. Ilé kẹta tí mo wọ̀, ìyá àgbà kan fún mi lómi, ó fún mi ní àga, ó wá ní, "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Ó parí. Mo bẹ̀, mo ṣàlàyé pé torí ilé ìwé àti ọsibítù ni, kò dáhùn. Nígbà tó yá, mo ní, "Ó dáa, Mààmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣáà wá kí mi." Inú rẹ̀ dùn. Ó pè wọ́n. Wọ́n ń tò jáde láti ẹ̀yìnkùlé, èyí ń kúnlẹ̀, tọ̀hún ń dọ̀bálẹ̀, mo ń dá wọn lóhùn, mo ń kọ. Mélòó ni ilé tí akànìyàn mìíràn ti bínú jáde tó sì kọ ohun tó wù ú? Mi ò bá wọn lọ, ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe rẹ̀ mí tó lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ orí tún wá le ju iye ọmọ lọ. Nígbà tí mo yẹ ìwé mi wò lálẹ́, gbogbo àgbàlagbà àdúgbò náà jẹ́ ogójì, àádọ́ta, ọgọ́ta. Díẹ̀ jẹ́ márùndínláàádọ́ta. Àfi bíi pé ẹnikẹ́ni kò pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta rí láyé. Kárí ayé ni wọ́n mọ àìsàn yìí, ibikíbi tí ìwé ìbí kò bá ti wọ́pọ̀: nọ́ńbà tó parí sí òdo tàbí márùn-ún ni ẹnu máa ń yá sí. Oògùn tó wà fún un ni kí o fi ìṣẹ̀lẹ̀ béèrè. Bàbá kan ní àádọ́ta ọdún lòun. Mo bi í pé ibo ló wà nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Àwa la kọ́kọ́ wọ̀ ọ́!" Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, ó ti di mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Àwọn tí kò rántí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, mo fi Òmìnira àti ìgbà wẹ́tìẹ̀ wá tiwọn.

Iye tí wọ́n kéde fún gbogbo Nàìjíríà ni 140,431,790. Kano ní 9,401,288, Èkó ní 9,113,605. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní rárá, àwọn náà ti kà, 17,552,942 ni àwọn rí. Àgbà ìyàtọ̀! Ìlú kan náà, ọdún kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá rò pé torí ìmọ̀ nìkan ni wọ́n ṣe ń ka èèyàn kò ní mọ ìdí tí ìjà fi dé. Owó Àbújá àti àga ilé aṣòfin wà lórí rẹ̀. Torí rẹ̀ náà ni wọ́n ṣe da òǹkà ọdún 1962 nù, tí wọ́n tún un kà ní 1963, tí wọ́n sì da ti 1973 nù pátápátá.

Láti 2006, a ò tíì kà mọ́. Wọ́n fẹ́ kà ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Nítorí náà, bí o bá gbọ́ pé dókítà báyìí ló wà fún ẹgbẹ̀rún èèyàn báyìí ní Nàìjíríà, rántí pé iye èèyàn tó wà nísàlẹ̀ ìdá yẹn, àfojúdá ni, tí wọ́n gbé lé ìwé irú tèmi yẹn lórí.

*

Ẹ̀ka yìí ló dá ariwo sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé yóò dá a sílẹ̀. Mo sọ pé òwe kan wà nínú èdè wa tí olùkọ́ Statistics gbọ́dọ̀ bá jà lọ́jọ́ àkọ́kọ́: Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Èmi ni. Èmi ò mọ̀.

Fa ìlà sórí ìwé, kó o pín in sí yàrá mẹ́rin. Òru tí ẹyẹ ké, tí ọmọ kú. Òru tó ké, tí ọmọ kankan ò kú. Òru tí kò ké, tí ọmọ kú. Òru tí kò ké, tí ilẹ̀ mọ́ ire. Yàrá àkọ́kọ́ nìkan ni òwe náà wọ̀, torí òun nìkan ló ń dun ẹni. Ẹ kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ọdún kan, ẹ wá wò ó bóyá ikú pọ̀ lóru tí ẹyẹ ké ju òru tí kò ké. Kódà bó bá pọ̀, ẹ ṣì máa béèrè bóyá ìgbà òjò ni ẹyẹ náà máa ń ké, nítorí ìgbà òjò náà ni ẹ̀fọn àti ibà ń pọ̀.

Ẹnì kan wá gbé Igbó-Ọrà kò mí lójú. "Ṣé ẹ máa ní ìlasa kọ́ ló ń fún wọn ní ìbejì? Gbogbo ayé ló mọ̀."

Pé ìbejì pọ̀ níbẹ̀, òótọ́ ni, kì í ṣe àsọdùn. Dókítà Patrick Nylander tó ṣiṣẹ́ lé e lórí láyé ọjọ́sí rí nǹkan bí ìbejì 45 sí 50 nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ kíyè sí "nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ" yẹn. Ẹni tó bá kàn ní "ìbejì igba ni mo rí níbi ọdún" kò tíì sọ nǹkan kan. Ìbejì máa ń wọ aṣọ kan náà jáde lọ́jọ́ ọdún, ojú á sì rí wọn dáadáa.

Ti ìlasa ló kù. Èmi náà ń jẹ àmàlà àti ìlasa, Ìbàdàn ń jẹ ẹ́, Ọ̀yọ́ ń jẹ ẹ́, Ṣakí ń jẹ ẹ́. Yàrá "jẹ ìlasa, kò bí ìbejì" kún fọ́fọ́ dé ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ dá ìlasa láre gbọ́dọ̀ wá àwọn obìnrin Igbó-Ọrà tí kì í jẹ ẹ́, kó fi wọ́n wé àwọn tó ń jẹ ẹ́, ọjọ́ orí kan náà, iye ọmọ tí wọ́n ti bí kan náà. Nítorí a ti mọ̀ pé ìbejì tí kò jọra máa ń rìn nínú ìdílé, ó sì ń pọ̀ bí ọjọ́ orí ìyá àti iye ìbímọ rẹ̀ bá ṣe ń ga. Bó bá jẹ́ ìlú tí ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́ ara wọn láti ìran dé ìran, èmi á kọ́kọ́ wo ìdílé kí n tó wo ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ ti bú mi tán lórí èyí. Mi ò yí i padà.

*

Kíákíá lórí ọ̀wọ́ngógó, torí mẹ́ta nínú yín ló béèrè. Oṣù kejìlá 2024, NBS ní ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọjà fi gbówó lórí láàárín ọdún kan. Oṣù kìíní 2025, wọ́n ní 24.48. "Mo lọ sọ́jà, kò sí ohun tó wálẹ̀!" Kò lè wálẹ̀. Ká ní kóńgò gààrí jẹ́ ẹgbẹ̀rún náírà, ó fi 34 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè, ó di 1,340. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fi 25 gòkè, ó di 1,675. Ìyára rẹ̀ ló dín kù, owó rẹ̀ ṣì ń gùnkè. Èyí tí ẹ ò gbọ́ lórí rédíò dáadáa ni pé láàárín oṣù méjèèjì yẹn, wọ́n yí ọdún ìpìlẹ̀, ìyẹn ọdún tí wọ́n ń fi owó ọjà wé, padà láti 2009 sí 2024, wọ́n sì tún ìwọ̀n ohun tó wà nínú agbọ̀n ọjà wọn ṣe. Kóńgò tuntun ni wọ́n gbé jáde. Ẹ má fi òun àti ti tẹ́lẹ̀ wéra.

*

Àbúrò tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, o dákẹ́ jù. Jẹ́ kí n gbé iṣẹ́ fún ọ kó o tó san owó kankan. Mú ojúlé mẹ́wàá ní àdúgbò tó o sọ yẹn, lọ kà wọ́n. Kọ ìtumọ̀ "aláìríṣẹ́" sílẹ̀ kó o tó jáde nílé. Lo ti ogún wákàtí àti ti wákàtí kan. Bí o bá gbádùn rẹ̀, wọlé. Bó bá sú ọ ní ojúlé kẹrin, lọ tún JAMB ṣe. Kò sí ohun tí wọ́n máa kọ́ ọ ní Pólì tí kò ní í padà síbẹ̀: kíkó jọ, títò, wíwo bó ṣe fọ́n ká, àti mímọ bí ọ̀rọ̀ rẹ ṣe lè yẹ̀ tó. Báńkì ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, ọsibítù ń wá a, ilé iṣẹ́ tó ń ta ọṣẹ ń wá a. Kọ́ Excel dáadáa kí wọ́n tó kọ́ ọ ní R, èdè kọ̀ǹpútà tí àwa oní-Statistics ń lò.

*

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ti kà á. Ojúlé mẹ́wàá, àwọn tó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Méje kò ṣe nǹkan kan rárá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n mẹ́rin nínú wọn ní àwọn ti jáwọ́ nínú wíwá iṣẹ́. Mo yọ àwọn yẹn bí ìlànà tuntun ṣe wí, ó ku márùndínlọ́gbọ̀n. Aláìríṣẹ́ mẹ́ta: ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí mo lo ti ogún wákàtí, àwọn mẹ́fà tún wọlé, ó di mẹ́sàn-án: ìdá mẹ́rìndínlógójì. Mi ò fi ọwọ́ kan nǹkan kan.

Wàhálà kan ló wà. Ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn mẹ́fà yẹn. Ó ń ṣe POS níwájú ilé wa, wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Èmi, aláìríṣẹ́?" Ó ní kí n ka wákàtí tí òun fi ń tò ní báńkì láti gba owó, pé ó lé ní mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ó ti ń bá mi jà láti àná. Ṣé kí n sún un sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́?

*

Wákàtí orí ìlà ní báńkì, ìbéèrè gidi nìyẹn, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ ni lójú tèmi, torí láìsí i kò sí POS. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí èsì ti jáde ló sọ ọ́. Bí o bá fẹ́ kà á fún un, padà lọ bá àwọn márùn-ún yòókù, kó o bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní wákàtí tí wọ́n fi ń ra ọjà, tí wọ́n fi ń dúró de ọkọ̀, tí wọ́n fi ń tò, kó o sì kà á fún gbogbo wọn. Kọ òfin tuntun náà sókè ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tó o yí i padà. Mú ẹ̀gbọ́n rẹ dání lọ, kó bá ọ gbé báàgì.